Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ẹgbẹ́ Wa ní Atlanta: Ẹ Dá Ìrìn Ojú Irin Padà fún Àwọn Ọmọ

Ẹ̀yin Alága wa, ẹ̀yin ọmọ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé, èsì kò wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo dìde nípàdé, wọ́n ní àkókò ti lọ, kí n jókòó. Mo jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jókòó nínú mi. Níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ka èyí ló wà níbi ìpàdé, ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

1. Ìpinnu tó bí lẹ́tà yìí

Ọdún mẹ́ta ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Yorùbá wa ti ọjọ́ Sátidé fi ń lọ wo àwọn ibi tí wọ́n ti ja ogun Atlanta lọ́dún 1864, nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ìrìn ojú irin la ń pè é. Oṣù Keje la máa ń lọ, ní Sátidé tó bá sún mọ́ ọjọ́ 22, torí ọjọ́ yẹn ni ìjà tó le jù wáyé. Lọ́dún yìí ẹ fagi lé e, ẹ ní ibi ìṣeré omi ni kí àwọn ọmọ lọ. Mi ò bá ibi ìṣeré omi jà. Ọmọdé gbọ́dọ̀ ṣeré. Ohun tí ọ̀kan nínú yín sọ tẹ̀ lé ìpinnu náà ni mi ò lè gbé mì: “Ogun òyìnbó sí òyìnbó ni. Kí ló kàn wá níbẹ̀?” Gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́.

Mo wà lára àwọn tí kò pàtẹ́wọ́. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà nílùú yìí, ọ̀nà Moreland Avenue sì ni mò ń gbà lójoojúmọ́. Ibi tí ẹ ní kò kàn wá yẹn, orí rẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

2. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí

Atlanta kò ní odò tí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè wọ̀. Kò sí létí òkun. Kò sí ọdẹ kan tó rìn dé ìdí igi kan tó sì tẹ̀ ẹ́ dó bí a ṣe máa ń pìtàn àwọn ìlú wa. Ojú irin ló bí i. Lọ́dún 1837, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ nínú igbó láti fi sàmì sí ibi tí ojú irin Western & Atlantic yóò ti parí, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní Terminus, ìyẹn òpin ọ̀nà. Ó di Marthasville ní 1843, ó di Atlanta ní 1845. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1861, ojú irin mẹ́rin ló ti ń pàdé níbẹ̀. Western & Atlantic ń bọ̀ láti Chattanooga ní àríwá, Georgia Railroad láti Augusta ní ìlà oòrùn, Macon & Western láti gúúsù, Atlanta & West Point sì ń bọ̀ láti ìhà Alabama.

Oríta ni ìlú náà, bí àwọn bàbá wa ṣe mọ oríta sí. Ohun gbogbo ń gbabẹ̀ kọjá, ẹni tó bá sì jókòó síbẹ̀ ló ń sọ ohun tó lè kọjá. Èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ ní 1860 kò tó 10,000, àmọ́ nígbà tí ogun gbóná, ibẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà ti ń rọ ọta ìbọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ko àgbàdo àti ẹran sínú ọkọ̀ fún àwọn ọmọ ogun wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ wá.

Ẹni tó ń bọ̀ wá gbà á náà, ẹnu ojú irin lòun náà ti ń jẹun. Ọ̀gágun William T. Sherman ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tó ń bá àwọn ará Gúúsù jà, kúrò ní Chattanooga níbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 1864 pẹ̀lú ọmọ ogun tó tó 100,000. Ojú irin kan ṣoṣo, tó gùn tó máìlì 473 láti Louisville ní Kentucky, ló ń gbé oúnjẹ wọn àti ti ẹṣin wọn. Òun fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ogun pé bí kò bá sí ọkọ̀ ojú irin, kẹ̀kẹ́ ẹrù 36,800 lòun ìbá nílò, ìbaaka mẹ́fà mẹ́fà sì ni yóò máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbo lèèyàn ti fẹ́ rí ìbaaka tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí àwọn ọ̀tá jó afárá ojú irin tó wà lórí odò Chattahoochee, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tún un kọ́ ní ọjọ́ mẹ́rin àti ààbọ̀. Afárá náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 780, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 92. (Afárá kékeré kan wà lẹ́bàá ilé mi tí wọ́n ti ń tún ṣe láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi wà ní jẹ́léósinmi. Ọmọ náà ti ń múra ilé-ẹ̀kọ́ girama.)

3. Ọjọ́ 22 oṣù Keje

Èyí ni àwọn ọmọ mọ̀ jù, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Joseph Johnston, ọ̀gágun Gúúsù, ń jà, ó ń sún sẹ́yìn, láti Dalton dé Resaca, dé òkè Kennesaw, títí tó fi kọjá Chattahoochee. Ọjọ́ 17 oṣù Keje ni Jefferson Davis, ààrẹ wọn, yọ ọ́ nípò, ó sì fi John Bell Hood rọ́pò rẹ̀. Hood ti pàdánù ẹsẹ̀ kan sójú ogun, apá rẹ̀ kan kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, síbẹ̀ akọlura ni. Ó kọlu Sherman ní Peachtree Creek lọ́jọ́ 20, ó kọlù ú ní ìlà oòrùn ìlú lọ́jọ́ 22, ó tún kọlù ú ní Ezra Church lọ́jọ́ 28. Lọ́jọ́ 22 nìkan, àwọn ará Gúúsù tó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tí wọ́n mú lẹ́rú ogun tó bíi 5,500, ti ìjọba àpapọ̀ sì lé ní 3,500. Ọ̀gágun James McPherson ti ìjọba àpapọ̀ ṣubú lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gágun Walker ti Gúúsù náà ṣubú.

Ibi tí ìjà náà ti le jù ni òkè kan tí wọ́n ń pè ní Bald Hill. Òkè náà kò sí mọ́. Wọ́n wó o palẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la òpópónà I-20 kọjá, níbi tí ọ̀nà náà ti pàdé Moreland Avenue. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lóòjọ́ ni mò ń wa bọ́ọ̀sì kọjá lórí òkè tí kò sí mọ́ yìí. Ibi tí Sherman dúró sí tó ti ń wo ìjà náà ni Carter Center wà báyìí, níbi tí púpọ̀ nínú yín ti lọ ya fọ́tò.

Lọ́dún tó kọjá, a dúró níbi tí McPherson kú sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá tí wọ́n nà ró síbẹ̀ fún ìrántí rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin bi mí pé, “Dádì, ta ni wọ́n ń jà fún?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, mo sì rí i pé èsì mi ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn ló mú kí n lọ ka ìtàn náà dáadáa.

4. Ojú irin ni wọ́n gbà, ìlú kàn bá a lọ ni

Bí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú ìtàn yìí kọ́ ọmọ, èyí ni. Ìjà ọjọ́ 22 kò gba Atlanta. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù Kẹjọ ni Sherman fi ń rọ̀jò ọta àgbá lu ìlú, Hood kò kúrò. Sherman rán àwọn ẹlẹ́ṣin lọ hú ojú irin ìhà gúúsù. Wọ́n hú u, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà àwọn ará Gúúsù ti tún un tò, ọkọ̀ tún ń fọn fèrè bọ̀ láti Macon. Ní ìparí oṣù náà ló wá kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jáde nínú yàrà, ó yí ìlú po láti ìwọ̀ oòrùn, ó sì bọ́ sí orí Macon & Western ní Jonesborough, tí à ń pè ní Jonesboro báyìí. Wọ́n jà níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ àti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Ojú irin tó kù já. Lóru ọjọ́ náà ni Hood kúrò nílùú, tó sì dáná sun ọkọ̀ ojú irin tó kún fún ọta kí ọ̀tá má bàa rí i kó. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, olórí ìlú, James Calhoun, gun ẹṣin jáde lọ fi ìlú lélẹ̀.

Ẹ̀yin Alága wa, Jonesboro ni ilé yín wà. Ojú irin tí ẹ máa ń dúró dè kí ọkọ̀ ẹrù tó gùn bí ọjọ́ Ààwẹ̀ kọjá, tí ẹ fi máa ń pẹ́ dé ìpàdé, ọ̀nà Macon & Western náà ni. Ẹ ò lè sọ pé kò kàn yín. Gbogbo ìgbà ló ń kàn yín, ẹ̀yin náà sì máa ń sọ fún wa.

Ṣé ẹ sì rántí ohun tí Atlanta ṣe fún Lincoln, ààrẹ ìjọba àpapọ̀? Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Lincoln fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó jọ pé òun kò ní wọlé ìbò. Atlanta ṣubú, ó wọlé ní oṣù Kọkànlá. Láàárín oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tó fòpin sí ẹrú. Ìpínlẹ̀ tí ìfọwọ́sí rẹ̀ sọ iye náà di kíkún, tí ọ̀rọ̀ náà fi di òfin lọ́jọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1865, Georgia yìí kan náà ni.

5. Ẹ gbọ́ nípa àwọn tí ẹ ní ogun náà kò kàn

Òyìnbó sí òyìnbó, ẹ wí. Ní 1860, ẹrú tó wà ní Georgia lé ní 460,000. Odi àti yàrà tó yí Atlanta ká, ó tó bíi máìlì 10. Ẹlẹ́rọ ojú irin kan, Lemuel Grant, ló yà á sórí ìwé ní 1863. Àwọn ẹrú ló gbẹ́ ẹ. Olówó wọn ló gba owó iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé Grant Park tí a ti máa ń ṣe àpèjẹ, ọ̀gágun Ulysses Grant ni wọ́n fi sọrí. Rárá o. Lemuel Grant yìí ló ni ín, òun ló fi ilẹ̀ náà ta ìlú lọ́rẹ. Díẹ̀ nínú odi náà ṣì wà nínú pápá yẹn títí di òní. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ ohun tí yàrà ìlú jẹ́, tó ti gbọ́ ìtàn odi Ọ̀yọ́ àti ti Abẹ́òkúta, bó bá dé orí òkìtì yẹn kò yẹ kó jẹ́ ibi tí ọmọ òyìnbó ń sáré kọjá lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti onígbàjámọ̀ kan. Solomon Luckie ni orúkọ rẹ̀, èèyàn dúdú ni, òmìnira ni, nílùú tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ lọ́jà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1864, ọta àgbá kan balẹ̀ lójú pópó láàárín ìlú, ó ta lu òpó fìtílà gáàsì, ó sì ba Luckie. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, kò yè é. Òpó fìtílà náà ṣì wà. Ní 1939, wọ́n tún un tàn, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní ìrántí àwọn ọmọ ogun Gúúsù. Ẹ gbọ́ dáadáa: òpó tí ọta gbà kọjá pa èèyàn dúdú, wọ́n fi ṣe iná ìrántí àwọn tó ń jà kí èèyàn dúdú lè wà lóko ẹrú. Ó wà ní Atlanta History Center báyìí, nínú ilé kan náà tí wọ́n gbé àwòrán ńlá tó yí yàrá po nípa ìjà ọjọ́ 22 sí. Èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù nìyẹn, torí bí wọ́n bá dúró láàárín rẹ̀, ogun yí wọn ká.

Ti Dalton ló dùn mí jù. Ní oṣù Kẹwàá, Hood padà sí àríwá láti já ojú irin tó ń bọ́ Sherman. Ní Dalton, lọ́jọ́ 13, ó ká àwọn ọmọ ogun dúdú ìjọba àpapọ̀ mọ́, ẹgbẹ́ ogun 44th U.S. Colored Infantry. Wọ́n lé ní 600, ẹrú tó sá gba òmìnira sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀gá wọn, òyìnbó, juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n dá àwọn ọ̀gá òyìnbó sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Wọ́n bọ́ bàtà àti aṣọ lára àwọn ọmọ ogun dúdú, wọ́n sì ní kí wọ́n máa hú ojú irin. Àwọn kan nínú wọn kọ̀, wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ padà sọ́wọ́ olówó wọn. Ojú irin tí wọ́n gbé ìbọn láti ṣọ́, òun ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn hú.

Mi ò sọ Sherman di òrìṣà o. Kò fẹ́ kí èèyàn dúdú gbé ìbọn lábẹ́ òun. Ó fẹ́ kí wọ́n máa gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa rẹrù. Nígbà tó jó Atlanta tó sì ń lọ sí Savannah, ọ̀pọ̀ ẹrú tó ti dòmìnira ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá, ọ̀gágun rẹ̀ kan ká afárá lórí odò Ebenezer Creek kí àwọn yẹn tó kọjá, omi sì gbé ọ̀pọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí èsì kúkúrú fún ọmọ mi.

6. Tiwa gan-an

Àwọn ará Baptist pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn kan nínú yín jáde ní Yunifásítì Bowen ní Ìwó. Ta ni Bowen? Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia. Ìjọ tó rán an, Southern Baptist Convention, ìlú Augusta ní Georgia ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1845, torí wọ́n fẹ́ kí olówó ẹrú lè jẹ́ míṣọ́nnárì. Augusta yìí ni orí kejì ojú irin Georgia Railroad tí mo sọ lókè. Bowen dé Ìjàyè ní 1853, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ó kọ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1858. Nígbà tí Ìbàdàn kó Ìjàyè ní oṣù Kẹta 1862, ogun Amẹ́ríkà kò tíì pé ọdún kan. Lọ́hùn-ún, Ìjàyè ti Kúrunmí ń jó; níhìn-ín, ogun ti dí ọ̀nà tí owó míṣọ́n ń gbà kọjá. Ọdún kan náà ni, ìjọ kan náà.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé Martin Delany. Dókítà ni, Amẹ́ríkà dúdú ni. Ní oṣù Kejìlá 1859, òun àti Robert Campbell bá Aláké Okùkẹnù àti àwọn ìjòyè ṣe àdéhùn ní Abẹ́òkúta kí àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà lè wá gbé lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò. Àdéhùn náà kò dúró. Campbell padà wá sí Èkó, ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní 1863. Delany padà sí Amẹ́ríkà, ó ń gba àwọn dúdú síṣẹ́ ogun. Ní oṣù Kejì 1865, ó bá Lincoln sọ̀rọ̀ lójúkojú, wọ́n sì fi í jẹ mejọ̀ (major), èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba ipò yẹn láàárín àwọn ọ̀gá tó ń darí ọmọ ogun Amẹ́ríkà lójú ìjà. Wọ́n rán an lọ sí etíkun South Carolina, sí ilẹ̀ tí Sherman, nígbà tó ti Atlanta dé Savannah, ti ní kí wọ́n pín fún àwọn tó dòmìnira, éékà 40 fún ìdílé kan.

Ọkùnrin tó jókòó níwájú Aláké, òun ló wọ aṣọ mejọ̀ ogun yìí. Ẹ tún bi mí pé kí ló kàn wá.

7. Owó

Ẹ ní owó kò tó. Mo ti béèrè iye ìwé ìwọlé ibi ìṣeré omi náà. Ẹ̀yin náà ẹ lọ béèrè, kí ẹ wá fi wé iye tí à ń ná lórí ìrìn ojú irin: bọ́ọ̀sì kan, búrẹ́dì àti ẹyin, ìwé ìwọlé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ṣoṣo. Mi ò ní sọ ju báyẹn lọ.

8. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún

Kí ẹ dá ìrìn náà padà lọ́dún yìí, ní oṣù Keje, kì í ṣe “lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́”. Kí ìrìn náà bẹ̀rẹ̀ ní Jonesboro létí ojú irin, kó gba Moreland àti Grant Park kọjá, kó parí síwájú òpó fìtílà Luckie. Kí a ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún Dalton, torí ó jìnnà. Kí olùkọ́ èdè Yorùbá wa bá wa ṣe ìwé pélébé kan lédè wa, tí orúkọ Luckie, Bowen àti Delany yóò wà nínú rẹ̀. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́rin, ẹ lè wá gbà á lọ́wọ́ mi. Kí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípàdé náà bá wa lọ. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àyè rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì.

Mo ń retí èsì yín kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó wáyé. Èmi ni màá wa bọ́ọ̀sì, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Bí èsì kò bá wá, àwọn òbí mẹ́sàn-án ti fọwọ́ sí i pé a ó lọ fúnra wa. Aago méje àárọ̀ la ó gbéra, níwájú ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ ní Jonesboro. Kí àwọn ọmọ wọ bàtà tó le, torí ẹ̀gún pọ̀ lára òkìtì Grant Park.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, òbí ọmọ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé